Ó Ku Bọ́tìnì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí télọ̀ yìí jẹ́, àwọn tó gbé aṣọ fún un ni kí ẹ bi. Ó mọṣẹ́ dunjú, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ni ín á ti sanra tàbí kó ti rù. Bí o bá lọ lónìí, á ní kí o wá lọ́la. Bí o bá wá lọ́la, á na apá aṣọ kan sókè láti ẹ̀yìn máṣìn, kì í sábà jẹ́ tìrẹ, á ní, "Ó ti tán, ó ku bọ́tìnì." Kódà aṣọ tí kò ní bọ́tìnì rárá, bọ́tìnì náà ló máa ń kù lára rẹ̀. Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Ó-ku-bọ́tìnì nìyẹn. Nígbà tí orúkọ náà sì gùn jù fún ẹnu tó ń bínú, wọ́n gé e kù sí Bọ́tìnì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì dúró níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ mú ìbàdí. Aṣọ tó yẹ kó wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì ọ̀gá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Bọ́tìnì. Ayẹyẹ náà ti kọjá lọ. Yúnífọ́ọ̀mù ló wọ̀ lọ, wọ́n sì ní kó máa gbé ohun mímu kiri torí wọ́n rò pé iṣẹ́ ló wá ṣe.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ni Bọ́tìnì wí. "Ó ti tán. Ó ku bọ́tìnì."

"Síìpù lo ní o máa fi sí i."

"Bọ́tìnì kékeré kan wà lókè síìpù."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Bí o bá sọ pé o ò tíì gé e, màá lọ jókòó sílé mi. Kì í ṣe aṣọ ló ń dùn mí mọ́. Irọ́ yẹn ni."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Aṣọ náà wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì, bó ṣe gbé e wá ló ṣe wà, sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn án. Bọ́tìnì ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ó fa fóònù yọ lápò, ó ṣí géèmù rẹ̀, ó sì rí ìkéde tuntun lórí pátákó tí gbogbo wọn ti ń kọ̀rọ̀ síra wọn: "Ẹ̀yin ará Etídò, ẹ jọ̀wọ́, Àfikún wa kò ní lè jáde lóṣù yìí mọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ku àtúnṣe díẹ̀. A dúpẹ́ fún sùúrù yín."

Bọ́tìnì fa tépù ọrùn rẹ̀ yọ, ó jù ú sílẹ̀. "Òpùrọ́ ni wọ́n. Kí ni wọ́n ń pè ní àtúnṣe díẹ̀? Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, kí kálukú lọ jókòó sílé ẹ̀."

Ẹ ṣáà gbọ́ ọ. Etí kan náà tó fi gbọ́ ti Nọ́ọ̀sì wà lórí rẹ̀, kò gbọ́ ti ara rẹ̀.

Ìlú Etídò ni wọ́n ń pe géèmù náà. Wọ́n á fún ọ ní ilẹ̀ létí odò, wàá kọ́lé sí i, wàá gbin nǹkan, ìwọ àti aládùúgbò ẹ á jọ máa tà, ẹ á jọ máa rà. Òdìkejì odò wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń rí i, ilẹ̀ tútù, òkè, igi ńláńlá, kò sì sẹ́ni tó lè débẹ̀. Àfikún yìí ni àwọn tó ṣe géèmù ṣèlérí pé yóò gbé afárá wá. Wọ́n ní yóò tún fún aládùúgbò méjì láyè láti wó ògiri àárín wọn, kí ilé méjèèjì di agbo ilé kan. Ti ògiri ò kan Bọ́tìnì. Afárá ni tirẹ̀. Láti ìgbà tí Etídò ti jẹ́ koríko lásán ló ti wà níbẹ̀, Àgbà Etídò ló pe ara rẹ̀, ohun tó sì ń fẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ: kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tẹ òdìkejì, kí àwọn ọmọ àná máa wò ó lẹ́yìn.

Ilé iṣẹ́ náà fi ẹnì kan sídìí pátákó láti máa bá àwọn ará Etídò sọ̀rọ̀. Agbẹnusọ ni wọ́n ń pè é, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àgbà Etídò ti kọ ẹ̀sùn sí Agbẹnusọ títí ìka fi ń ro ó. Ó ti bínú, ó ti halẹ̀ pé òun ń lọ, ó ti padà wá halẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Agbẹnusọ ò dá a lóhùn rí, kò tiẹ̀ wí pé mo gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó Bọ́tìnì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìpè ilé iṣẹ́ omi. Ẹni tí omi ò bá yọ nílé rẹ̀, ẹni tí páìpù bẹ́ sí lójúde, òun ni wọ́n ń pè. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, èébú ló ń gbà sétí, "Ẹ má bínú, sà" ló fi ń dáhùn. Òun kọ́ ló dí páìpù, òun kọ́ ló mú omi gbẹ. Etí rẹ̀ ni ọwọ́ wọn tó. Bó bá délé, kì í fẹ́ gbọ́ ariwo kankan.

Ilé ọ̀hún náà sì ti dákẹ́ jù. Láti ìgbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, Bọ́tìnì á jẹun tán, á dojú kọ fóònù. Ìyàwó á jẹun tán, á dojú kọ Bọ́tìnì. Ó ṣe é títí ó sú u, ó bá ní kí ọkọ òun fi Etídò sórí fóònù òun náà. Ó gba ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀ gan-an, ó kọ́ ilé kékeré kan, ó gbin òdòdó síwájú rẹ̀. Mọ́mì ló pe ara rẹ̀ níbẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń pè é nílé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Nígbà tó kọ́kọ́ rí pátákó, tó rí bí gbogbo èèyàn ṣe ń da èébú lé Agbẹnusọ lórí, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Agbẹnusọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìfaradà ariwo wa. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà wo la máa lè wó ògiri?"

Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi dé. "Mọ́mì, ẹ ṣé gan-an ni. Látìgbà tí mo ti jókòó sídìí pátákó yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí mi kú iṣẹ́. Ti ògiri ń bọ̀ lọ́nà, mi ò sì ní purọ́ fún yín, n ò mọ ọjọ́."

Àwọn àgbà ló ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin ò dénú. Wọn ò fi ti ọkùnrin kún un, torí wọn ò tíì rí Bọ́tìnì. Owú gbé e lọ́kàn débi pé ó fi máṣìn gún ìka ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òun tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ Etídò, òun tó mọ gbogbo igi ibẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun. Èyí ò tíì mọ ibi tí omi ìwẹwọ́ wà, wọ́n ti gbé abọ́ síwájú rẹ̀.

"Kí lẹ ń bá ara yín sọ?" ó bi í nídìí oúnjẹ.

"Èmi àti ta ni?"

"Ìwọ àti ọkùnrin yẹn."

"Ta ló sọ fún yín pé ọkùnrin ni?"

"Obìnrin kì í dáhùn báyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Dádì, orí fóònù la ti ń sọ̀rọ̀, n ò rí irùngbọ̀n ẹ̀. Mo béèrè ti ògiri ni."

"Ògiri," ni Bọ́tìnì wí, bí ẹni pé nǹkan kíkorò wà lẹ́nu rẹ̀. "Gbogbo ayé ń sọ ti afárá, ìwọ ń sọ ti ògiri."

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó palẹ̀ àwo mọ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, bí Bọ́tìnì bá ṣí pátákó, kì í wá ìkéde mọ́, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló ń wá. Tí ó bá rí i tí Agbẹnusọ dáhùn, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Tí kò bá sì rí i, á rò pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́, inú rẹ̀ á tún bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí obìnrin náà bá rẹ́rìn-ín síwájú fóònù, á na ọrùn bí adìyẹ láti rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ọmọ wọn ló fi àwòrán ránṣẹ́. Òun náà tiẹ̀ gbìyànjú ìkíni. Ó kọ ọ́ pé, "Agbẹnusọ, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ wo tilẹ̀ ni?" Wọn ò dá a lóhùn. Ó ní ó yà òun lẹ́nu.

Ìgbà tó yá, ìkéde kan jáde: kí Àfikún tó dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, ilé iṣẹ́ yóò mú ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Ara Bọ́tìnì yá gágá. Ta ni wọn ì bá tún mú? Ó dá ẹjọ́ náà fún ara rẹ̀ lórí ìjókòó máṣìn, ó sì jàre. Jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, kò rán nǹkan kan. Ó kàn ń ṣí fóònù, ó ń pa á dé. Nọ́ọ̀sì tún wá, ó wo ojú rẹ̀, ó yí padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó yọ fóònù rẹ̀ lẹ́nu iná níbi tó ti ń gba ṣájì. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ yàrá ìpè, ilé ló máa ń fi í sí láti àárọ̀. Ó kà á, ojú rẹ̀ tàn.

"Dádì, wọ́n mú mi."

Bọ́tìnì gbé ife tíì sílẹ̀. "Wọ́n mú ta ni?"

"Èmi. Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Wọ́n ní kí n—"

"O ò ní láti parí ẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ná."

"Mo ti gbọ́. Wọ́n mú ẹ. Ìwọ tó dé lánàá. O kú oríire."

Ó dìde, ó wọ balùwẹ̀ lọ, ó sì da omi sára títí omi fi tán nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ohun tó ń rò níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká bò ó láṣìírí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dára nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rò, àlejò tí wọn ò mọ ojú rẹ̀ ló ń rò, òun nìkan ló sì fi síta nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tó jáde, ìyàwó rẹ̀ ti fi fóònù sílẹ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. "Ẹ ò fẹ́ kí n sọ ọ́. Ojú ara yín lẹ máa fi rí i."

Bọ́tìnì ní ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó yọ aṣọ Nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí i. Ìlà náà wọ́. Ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó gbé e sílẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gba ilé lọ.

Fóònù ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu iná bó ṣe máa ń wà. Ọdún tí wọ́n bí ọmọ wọn ni nọ́ńbà tó fi tì í, kò sí àṣírí kankan nínú ẹ̀. Bọ́tìnì ṣí i, kò wo nǹkan kan mìíràn, kò ka ìwé kankan. Ìbá ṣe pé ó kà á ni. Orí pátákó ló lọ tààrà, ó sì kọ ọ́ lórúkọ Mọ́mì pé:

"Agbẹnusọ, òpùrọ́ ni ẹ́. Òpùrọ́ ni gbogbo yín. Ẹ ò mọṣẹ́, ẹ ò nítìjú. Ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀, kí ló ń kù tí ò tán? Bí o bá ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ni, ṣé wàá máa jókòó síbẹ̀ máa bẹ èèyàn kiri? N ò fẹ́ Àfikún ìranù yín. Ẹ gbé e fún ẹlòmíì."

Ó fi í ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ó dùn mọ́ ọn, bí ìgbà téèyàn họ ibi tó ti ń yún un láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, èyí sì ti balẹ̀.

Kò tíì fi fóònù náà padà sẹ́nu iná tó fi dún. Agbẹnusọ tí kì í dá a lóhùn, ó dáhùn wàyí.

"Mọ́mì, mo tún un kà, torí mo rò pé kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni mo bẹ àwọn ọ̀gá mi kí wọ́n mú yín. Ṣùgbọ́n òfin ilé iṣẹ́ ò fi àyè sílẹ̀: ẹni tí a bá ti mú, tó bá tún bú òṣìṣẹ́ lórí pátákó, ilé rẹ̀ á kúrò ní Etídò. Àyè yín ti di ti ẹlòmíì. Bákan náà ni àyè ẹni tí a ní kí ẹ yàn láti bá yín wọlé, Àgbà Etídò. Ẹ sọ fún mi pé ọkọ yín ni, pé òun lẹ fẹ́ bá wó ògiri. Ẹ ní kí a jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ afárá, ẹ̀yin á tẹ̀ lé e. Ó wù mí kí n rí ọjọ́ náà. Ó dàbọ̀."

Bọ́tìnì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó sáré kọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀ pé òun lòun kọ ọ́, pé kì í ṣe ìyàwó òun, pé kí wọ́n lé òun. Kò sí ìdáhùn. Ó tún kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú iṣẹ́." Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti inú rẹ̀ wá, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó wo Etídò, ilé kékeré ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ti lọ, àti òdòdó iwájú rẹ̀. Ògiri nìkan ló dúró, koríko ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó na fóònù náà sí i. Obìnrin náà kà á lórí ìdúró, báàgì rẹ̀ wà léjìká. Ó ka ti òkè, ó ka ti ìsàlẹ̀, ó tún padà sí ti òkè.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́," ló wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Owú ni. Mo jowú ẹ, Mọ́mì. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìwọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ẹ ò bi mí kí ni mo fẹ́ sọ."

"N ò bi ẹ́."

Ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀ sórí àga. "Ọkùnrin kan pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní bí mo bá níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ṣé màá máa jókòó síbi kan máa bẹ èèyàn. Mo ní ẹ má bínú, sà. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ irú ẹ̀, Dádì. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ti délé, ó parí." Ó wo fóònù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Lórúkọ mi."

Bọ́tìnì dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó dìde, ó ní oúnjẹ ń tutù. Kò jà, kò kọ oúnjẹ sílẹ̀, kò yí ibùsùn padà. Bí Bọ́tìnì bá kí i, ó ń dáhùn. Ó kàn jẹ́ pé ohùn tó fi ń dá a lóhùn, ohùn yàrá ìpè ni. Bọ́tìnì ì bá kúkú fẹ́ kó gbá òun létí.

Àfikún padà jáde. Afárá náà gùn, ó dára, àwọn ọmọ àná ti ń sáré lórí rẹ̀ lọ sódìkejì. Bí Bọ́tìnì ṣe ṣí i, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Aládùúgbò wo lo fẹ́ bá wó ògiri?" Lábẹ́ ìbéèrè náà, kò sí orúkọ kankan. Ó pa á dé. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó pa ìlà wíwọ́ rẹ́, ó fa òmíràn, ó gé aṣọ Nọ́ọ̀sì, ó rán an, kò dìde títí ó fi tán. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sílé obìnrin náà.

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. "Bọ́tìnì dà?"

"Kò ní bọ́tìnì, Àǹtí. Kò ní in látìbẹ̀rẹ̀."

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Bọ́tìnì dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ilẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Èmi ni mò ń ro ó. Wọ́n ní o lè fi orúkọ mìíràn bẹ̀rẹ̀." Ó na fóònù náà sí i. "Nígbà wo lo máa padà wá?"

Ìyàwó rẹ̀ yí aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e.

"Kò ní pẹ́, Dádì," ló wí. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ku bọ́tìnì."

Aṣọ tó ń lọ̀ náà, kò sí bọ́tìnì kankan lára rẹ̀.